Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀kùn Kíláàsì Ijó Wa Wà ní Ṣíṣí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ìkọ́ gbọ̀ngán ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Mpape, Abuja)

  

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ijó ìbílẹ̀ àti àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju ogún ìṣẹ́jú tí a fún mi lọ, nítorí náà mo ti gé e kù. Kíláàsì ijó tí à ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀: ìdí tí a fi ń ṣe é, bí a ṣe ń ṣe é, àti ohun kan tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí wọ́n má ṣe fi í ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ náà kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn tí ó wà lórí tábìlì gíga yìí nínú, ṣùgbọ́n ẹ ti dá mi ní olùkọ́, ẹ ó sì gbọ́ ẹjọ́ olùkọ́.

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí à ń gbé. Mpape wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari. Títì ńlá kan ni ó pààlà láàrin àwa àti àwọn ilé gọbọi tí ó wà ní Maitama. Àwọn Gbagyi ti wà lórí òkè olókùúta yìí tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba ológun tó ṣe òfin ní 1976 pé agbègbè yìí ni olú-ìlú yóò wà, àti kí wọ́n tó kó ìjọba kúrò ní Èkó wá síhìn-ín ní December 1991. Lára àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé tí wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀nà ní Abuja. Àwa bíríkìlà, àwa kápẹ́ńtà, àwa oníṣòwò, àwa olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù wa kò gùn, ni a wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, nítorí pé apá wa kò ká owó ilé inú ìlú. Ní 2012 àwọn aláṣẹ ní àwọn yóò wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó di February 2017 kí ilé-ẹjọ́ gíga FCT tó dá wọn lẹ́kun. Ní September 2018 ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sùn pẹ̀lú ojú kan ní ṣíṣí. Bàbá onílù wa máa ń fi ìyẹn ṣe àwàdà pé ilẹ̀ Mpape ti mọ ijó jó kí àwọn tó gbé ìlù débẹ̀.

Ẹni tí ó ń gbé irú ibi báyìí kì í fẹ́ ri òpó rẹ̀ jinlẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò wo ọ̀nà kankan. Ibí ni a bí wọn sí. Háúsá ni wọ́n fi ń ra súyà, Pídgin ni wọ́n fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé. Yorùbá, wọ́n ń gbọ́ ọ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi mọ̀ pé à ń bá wọn wí. Bí a bá lu ìlù níbi ìgbéyàwó, wọn yóò bọ́ sí agbo, wọn yóò mi ìdí bí wọ́n ṣe rí i lórí fóònù, àwa òbí yóò sì máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Èmi a máa wo ojú onílù ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé èyí díẹ̀ fún àwọn àlejò wa. Ohùn ènìyàn ni dùndún ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Èdè wa ní ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Wuse, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Onílù a gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, a fi apá fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra, awọ a le, ohùn a lọ sókè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀ kalẹ̀. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí à ń fún bẹ́ẹ̀, ojú kan ni ohùn tirẹ̀ wà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ. Oníjó tí ó gbọ́ ohun tí ìyáàlù wí a fi ẹsẹ̀ dáhùn, a fi èjìká gbè é. Ẹni tí kò gbọ́ yóò máa jó bí ẹni ń gún amọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kíláàsì èdè ni kíláàsì ijó wa jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbé pátákó ìkọ̀wé síbẹ̀. Orúkọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá onílù yóò lu orúkọ ọmọ kan, gbogbo kíláàsì yóò sì fi ara sọ ọ́: bí ohùn bá wà nísàlẹ̀, a ó lóṣòó, bí ó bá wà láàárín, a ó dúró ṣánṣán, bí ó bá wà lókè, a ó na apá. Àdùkẹ́ jẹ́ ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ayọ̀délé jẹ́ àárín, ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ti ti ibẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ nílé pé, "Mọ́mì, ẹ kì í pe orúkọ mi dáadáa." Ìyá náà wá bá mi pẹ̀lú ìbínú ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Òun náà ti ń jó pẹ̀lú wa báyìí.

Èdè Gbagyi náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Nítorí náà àwọn ọmọ Gbagyi tí wọ́n ń wá bá wa jó máa ń tètè gbọ́ ohun tí ìlù ń ṣe ju àwọn ọmọ tiwa kan lọ. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń ṣe é. Ọgbà ilé-ìwé aládàáni kan ni wọ́n ń yá wa. Aago mẹ́rin ni a ń pè é, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má bi mí ní ìdí. Àwọn ọmọ ńlá yóò gbálẹ̀, wọn yóò bu omi wọ́n ọn kí eruku má bàa pa wá. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, a kì í jó rárá, a ń rìn ni. Gúdúgúdú yóò máa dún, gbogbo wa yóò máa rìn lọ, rìn bọ̀, àgbà àti ọmọdé, títí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn yóò fi máa balẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé èyí kéré, ẹ wá gbìyànjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó tò ní ìlà méjì, a ó kọjú síra, olúkúlùkù yóò ní ẹnìkejì.

Ẹnu lè ya yín pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni mo ti rí ìlà méjì yìí. Ní 1983, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ aládùúgbò mi mú mi lọ sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì ní ijó kan tí wọ́n ń pè ní Scottish country dance. Ọkùnrin a tò sí apá kan, obìnrin a tò sí apá kejì, méjì-méjì, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn méjì tí ó wà lórí ìlà ni yóò kọ́kọ́ jó. Wọn yóò gba àárín kọjá, wọn yóò yí àwọn yòókù po, wọn yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé ìdí ìlà, kí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn lè bọ́ sórí. Kò sí ẹni tí kò ní dé orí ìlà bí ó bá yá. Gòjé òyìnbó àti àkọ́díọ̀nù ni wọ́n sábà fi ń kọ orin rẹ̀.

Ijó yìí ti fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà kan, nítorí pé ijó tuntun láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ọ̀dọ́ wọn ń lé kiri. Ní November 1923 ni àwọn obìnrin méjì, Jean Milligan tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní eré ìdárayá, àti Ysobel Stewart, pe ìpàdé sí Glasgow tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá àwọn tí ó ṣì mọ̀ ọ́n jó rí, wọ́n tú ìwé àtijọ́, wọ́n ń kọ àwọn ijó náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1951 Ọba George Kẹfà fún ẹgbẹ́ náà láṣẹ láti máa jẹ́ Royal. Lónìí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Kánádà, ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànù, àní ní ibi tí kò sí ọmọ Skọ́tíláǹdì púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà gba àjèjì ni mo mú bọ̀ wálé. Wọn kò fi mí sí orí ìlà. Ìdí ìlà ni wọ́n fi mí sí, kí n lè wo àwọn tí ó ṣíwájú kí ó tó kàn mí, wọ́n sì fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ṣe ẹnìkejì mi. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ rin ijó náà lásán lẹ́ẹ̀kan. Bí ijó kan bá parí, olúkúlùkù a pààrọ̀ ẹnìkejì, kò sí pé ìyàwó mi nìyí tàbí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó gẹlẹtẹ sí ara ògiri. Ẹni tí ó bá ṣì ọ̀nà, wọn a na ọwọ́ sí i, wọn a fà á bọ̀ sí ààyè rẹ̀, ijó a máa lọ. Lẹ́yìn náà a mu tíì, a jẹ bisikíìtì. Mo jókòó lórí bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń rò ó pé àwọn wọ̀nyí kò béèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n jó tàbí n kò mọ̀ ọ́n jó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu àti ilẹ̀ Yewa wá, ẹ bá mi jẹ́rìí. Níbi ìran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán, àwọn ọmọdé ni ó ń kọ́kọ́ bọ́ sí agbo. Wọn kò tíì lè bá ìlù dọ́gba, ṣùgbọ́n a ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó jù wọ́n lọ, títí yóò fi kan àwọn ọ̀gá oníjó tí irin ẹsẹ̀ wọn ń sọ ohun kan náà gan-an tí ìlù ń sọ, láìyẹ̀ ní ìwọ̀n eékánná. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí, tí ó jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Togo, ni UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ta ni ó nílò kíláàsì? Agbo ilé ni kíláàsì. Ní Mpape, ìyá wà níhìn-ín, ìyá-ńlá wà ní Ọ̀fà, àbúrò bàbá wà ní Ìbàdàn, yàrá kan àti pálọ̀ ni agbo ilé. Ohun tí a kò ní mọ́ ni a ń fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé dí.

Nítorí náà òfin kíláàsì wa kò pọ̀. A kì í fi ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín. A ń pààrọ̀ ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dání. Mẹkáníìkì kan wà tí ó fi Sátidé mẹ́ta dúró ti ògiri, ó ní òun wá mú ọmọ òun ni. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kí ó bá wa dì í mú. Ta ni ó lè di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mú kí ó má mì ín? Ó mì ín, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn ìyá àgbà wa náà ń wá, àwọn tí orúnkún ń dùn ń jókòó sórí àga rọ́bà, wọ́n ń fi èjìká jó, èjìká wọn sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹnu mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà nílẹ̀, n kò ní fò ó. Àwọn òbí kan, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ti bi mí bóyá ilé òrìṣà ni mo ń kó àwọn ọmọ wọn lọ. Èsì mi ni pé dùndún ń dún níbi ìgbéyàwó yín, ó ń dún níbi ìsìnkú yín, ó sì ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Bàtá yàtọ̀. Ìlù Ṣàngó ni bàtá láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì ní parọ́ kí n lè rí ọmọ kó jọ. Mo ń sọ fún àwọn òbí ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ kọ́ bàtá, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀, kí ó dá a dúró sílé, kò sí ìjà. A kì í rúbọ ní kíláàsì, a kì í sì í wàásù. Títí di ìsinsìnyí, àwọn tí ó ń dá ọmọ dúró sílé kò pọ̀, nítorí pé ọmọ náà ni yóò máa sunkún.

Ó wá kan ẹ̀bẹ̀ mi. Láti ìgbà tí a ti jó níbi àpèjẹ ọdún tí ó kọjá, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti dìde. Wọ́n ní kí á yan ọmọbìnrin méjìlá tí wọ́n mọ̀ ọ́n jó jù, tí wọ́n sì lẹ́wà, kí á rán aṣọ òfì fún wọn, kí á sọ wọ́n di ẹgbẹ́ oníjó, kí wọ́n máa lọ síbi ìfilọ́lẹ̀ àti ìgbéyàwó ní Maitama àti Asokoro, kí owó máa wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó mú àbá náà wá, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Kì í ṣe pé mo kórìíra oníjó tí ń gbowó. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, ayé sì yìn wá. Iṣẹ́ wọn ni, òógùn ojú wọn ni. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ irú ìyẹn, kí ó gba àwọn oníṣẹ́, kí ó san owó wọn pé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá yan méjìlá, a ti lé ọgbọ̀n sílé. Ìyá olórúnkún yóò jókòó sílé rẹ̀. Mẹkáníìkì yóò padà sí ara ògiri. Ọmọ tí ó sanra, ọmọ tí ó ń kólòlò, tí ó jẹ́ pé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni ara rẹ̀ ń balẹ̀, yóò mọ̀ pé a ti wo òun, a kò sì mú òun. Àwọn méjìlá tí a yàn pẹ̀lú kò ní kọ́ ìlù mọ́, ìnáwó ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni wọn yóò máa kọ́. Àwọn kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ mọ irú ojú tí àwọn àgbàlagbà kan ń fi wo ọmọdé níbi tí ọtí bá ti pọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, èyí tí a nílò kò tó aṣọ méjìlá. Lọ́nà kìíní, Bàbá onílù wa. Ìdílé àyàn ni a bí i sí, iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe jẹun ní Mpape, Sátidé tí ó bá wá lù fún wa, ó ti pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Èmi olùkọ́ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé bí ó tilẹ̀ ń pẹ́. Kò tọ́ kí òun ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹgbẹ́ máa fún un ní owó oṣooṣù láti inú àpò ẹgbẹ́, kì í ṣe owó ìnáwó tí a lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ó sì ti gbà láti kọ́ ọmọkùnrin mẹ́rin àti ọmọbìnrin méjì ní ìlù lílù, tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Àwọn kan ń kùn nítorí àwọn ọmọbìnrin méjì náà. Bàbá fúnra rẹ̀ kò kùn.

Lẹ́yìn èyí, gbọ̀ngán tí a tìtorí rẹ̀ pé jọ lónìí. Mo ti rí àwòrán rẹ̀, ó dára púpọ̀. Mo rí i pé wọ́n ya àga tí a rì mọ́ simẹ́ńtì láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì ní táìsì dídán ni wọn yóò fi tẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àga jẹ́ èyí tí a lè tò lé orí ara wọn, kí àárín gbọ̀ngán ṣófo nígbà tí a bá fẹ́ kí ó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́ simẹ́ńtì tí a fá dáadáa, tí kò ní máa yọ̀, nítorí pé ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ ṣubú níbi ijó. Ẹ wá yàrá kékeré kan fún wa tí òjò kò ní kàn, tí ó ní fèrèsé, kí á lè máa kó ìlù sí. Awọ ewúrẹ́ ni ojú dùndún. Bí ọ̀rinrin bá mú un, ohùn rẹ̀ a dẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, abẹ́ ibùsùn mi ni ìyáàlù ń sùn.

Èyí tí ó kẹ́yìn, ẹ má ṣe gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá, ìbáà ṣe Gbagyi, Ígbò tàbí Háúsá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ ní ìpàdé pé kí á fi kíláàsì mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè. Bí a bá ṣe ìyẹn, Alága, èmi àti Ẹ̀yin ni yóò kù níbẹ̀.

Sátidé tí ń bọ̀, aago mẹ́rin, ọgbà ilé-ìwé. Ẹ wọ bàtà tí kò ní gìgísẹ̀, tàbí kí ẹ wá láìwọ bàtà. Omi inú ọ̀rá wà, ẹ̀pà náà yóò wà. Ẹni tí kò bá tíì jó rí, ìdí ìlà ni yóò dúró sí, èmi fúnra mi ni yóò sì ṣe ẹnìkejì rẹ̀.